Àkísà Àgbà

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tó pa òwe yìí kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àgbà yóò di àkísà rẹ̀ lẹ́rù, tí yóò gbé e wọ yunifásítì, tí yóò fi rán yunifọ́ọ̀mù fún ọmọ ọlọ́mọ, tí yóò sì gba máàkì lọ́wọ́ ẹni tó bá kọ̀ láti wọ̀ ọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan. “Bọ̀dá mi, ẹ gbà mí o, Turbo ò ṣí!” Mo kọ́kọ́ rò pé ọkọ̀ ló ń sọ. Àṣé Turbo C++ ni, kọ̀ńpáílà tí ilé-iṣẹ́ Borland gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1990. (Kọ̀ńpáílà ni ògbufọ̀ tó ń sọ ohun tí èèyàn kọ di èdè tí ẹ̀rọ gbọ́.) N kò ní bú Turbo. Ọ̀jáfáfá ni nígbà ayé rẹ̀. Àmọ́ ọdún 1998 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òfin kan ṣoṣo de èdè C++ káàkiri ayé, Turbo sì ti dàgbà kí òfin tó dé.

Windows oní 64-bit tó wà lórí láptọ́ọ̀pù ọmọ náà kì í ṣí ètò oní 16-bit bíi Turbo. Olùkọ́ wọn ní yunifásítì wá ní kí wọ́n lọ wá DOSBox, ètò tó ń ṣe bí ẹni pé kọ̀ǹpútà ayé àtijọ́ lòun. Ẹ bá mi wò ó: bàbá ra ẹ̀rọ tuntun fún ọmọ, ọmọ wá ń wá ohun tí yóò fi tan ẹ̀rọ náà pé ọdún 1990 la ṣì wà. Ní 1990, ìyá ọmọ yìí gan-an ṣì wà ní pámárì.

A ṣí i. Mo ní kó fi owó yàrá rẹ̀, 40,000 náírà, sínú int, ìyẹn ibi tí C++ ń kó odidi nọ́ńbà sí, kó sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Nínú Turbo, int kì í gbà ju 32,767 lọ. Ohun tó jáde ni -25536.

“Bọ̀dá mi, lánlọ́ọ̀dù ló wá jẹ mí lówó yìí o!”

Mo ní kó lọ gba g++ sórí ẹ̀rọ. Inú GCC ló wà, èyí tí Richard Stallman kọ́kọ́ gbé jáde ní 1987, ọ̀fẹ́ sì ni. Dátà nìkan ló náni lówó. Ó gbà á tán, ó tẹ g++, Windows ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Aṣọ ti wà nínú àpótí, a ò tíì fi ọ̀nà àpótí han onílé ni. PATH ni wọ́n ń pè é. A tún ìyẹn ṣe. Ó wá gbé ètò inú hándáùtì olùkọ́, èyí tí wọ́n kọ fún Turbo, fún g++, ariwo sọ. Kò rí iostream.h. A yọ .h kúrò, ó ní òun ò mọ cout, àfi ká fi std:: ṣáájú rẹ̀. Void main ńkọ́? Int ni kó jẹ́. Clrscr? Kò gbọ́ ọ rí. Ọmọ náà káwọ́ lérí. Mo ní kó máa ka àṣìṣe àkọ́kọ́ ná, torí ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni ogún tó tẹ̀ lé e. Bó bá sì ń ké ní ìlà 7, kó yẹ ìdí ìlà 6 wò, bóyá ibẹ̀ ló ti gbàgbé sẹmikólọ́ọ̀nù.

Nígbà tó yá, ó ṣiṣẹ́. Ó fò sókè. Lẹ́yìn náà ló rántí ìdánwò.

Orí ìwé ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò ọ̀hún, bírò lọ́wọ́, kò sí ẹ̀rọ kankan nítòsí. Olùkọ́ fúnra rẹ̀ ni kọ̀ńpáílà lọ́jọ́ yẹn, ìyẹn kì í sì í gba ọ́púdéètì.

Lálẹ́ tó ṣáájú ìdánwò, ọmọ náà fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi. Ètò kan náà ló kọ lẹ́ẹ̀mejì sínú ìwé. Ó kọ “ti g++” sórí ọ̀kan. Ó kọ “ti Sà” sórí èkejì.