Ọ̀gá Fáúndà Dé Ìpàtẹ Ọjà

Ẹ óò ti dá a mọ̀ láti ẹnu géètì. Káàdì mẹ́ta ló fi okùn kọ́ sọ́rùn: ti ìpàtẹ òní, ti èṣí, àti ọ̀kan tí wọ́n kọ "Olùbánisọ̀rọ̀" sí, tí kò sẹ́ni tó rántí ibi tó ti bá wọn sọ̀rọ̀. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ti di ohun ìgbàgbé. Fáúndà là ń pè é. Kí ló dá sílẹ̀? Ẹ fara balẹ̀ ná.

Nígbà tí Ẹgbẹ́ Oníṣòwò Èkó, LCCI, bá ṣí ìpàtẹ ọjà àgbáyé wọn lóṣù kọkànlá, ọjọ́ 10 ni àwọn oníṣòwò kéékèèké fi ń jẹ eruku ní Tafawa Balewa Square, torí kí ọjà lè tà. Fáúndà kì í pa ọjọ́ kan jẹ. Nígbà tí GITEX, ìpàtẹ ìmọ̀ ẹ̀rọ àwọn ará Dùbáì, sì dé Àbújá àti Èkó lọ́dún 2025, ó wà níbẹ̀. Kò ní ìsọ̀, kò gbé ọjà wá, kì í sì í ra nǹkan kan. Èèyàn ló wá mọ̀.

Bó bá ń kí yín, ojú yín kọ́ ló ń wò, àyà yín ni, níbi tí káàdì yín gbé wà. Bó bá rí orúkọ báńkì níbẹ̀, "Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà!" Bó bá rí "olùdókòòwò", ìdọ̀bálẹ̀ gbalaja ni, kóòtù òyìnbó kò dí i lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ "akẹ́kọ̀ọ́" ló rí, fóònù rẹ̀ tí kò dún á gba ìpè kánjúkánjú. "Ẹ jẹ́ ká wá àyè sọ̀rọ̀ o," ni yóò wí, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà la ṣì ń sọ lọ́wọ́.

Áàpù kan ló ní, tàbí ká sọ pé ó ń bọ̀ wá ní in: áàpù tí èèyàn á fi máa dá àjọ lórí fóònù. Èrò yẹn ò burú rárá. Orúkọ ló ń yí padà. Blockchain, ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà nídìí kírípítò, ló kọ́kọ́ ń jẹ́. Lóṣù kejì ọdún 2021, tí Báńkì Àpapọ̀ ní kí àwọn báńkì ti àkáǹtì àwọn tó ń ṣòwò kírípítò pa, kò jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú tó fi lọ tẹ káàdì tuntun: fíńtẹ́ẹ̀kì, ìmọ̀ ẹ̀rọ owó. ChatGPT jáde níparí 2022, áàpù àjọ kan náà bá di AI. Títí di òní, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nìkan ló tíì dá owó síbẹ̀, kò sì tíì rí i kó.

Ìtàn rẹ̀ tó dùn jù ni ti oṣù kẹjọ 2016, nígbà tí Mark Zuckerberg ti Facebook yọ sí Yábàá lójijì, tó ya CcHUB, ibùdó àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ. Fáúndà ní òun wà níbẹ̀, fọ́tò sì wà. Ẹ̀yìn Zuckerberg là ń rí nínú rẹ̀, àti ìgúnpá kan létí fọ́tò. Òun ló ni ìgúnpá náà. Paystack ńkọ́? Ọmọ àwọn ni! Nígbà tí Stripe, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà, rà á lọ́dún 2020 ní iye tó ju $200 mílíọ̀nù lọ, bí ẹni pé Fáúndà ni wọ́n sanwó fún. Ohun tí kì í fi kún un ni pé kì í ṣe nídìí púfù-púfù ọ̀fẹ́ ni Shola Akinlade àti Ezra Olubi, àwọn tó dá Paystack sílẹ̀, ti pàdé. Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ ni wọ́n ti jọ kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ tí Paystack ń ṣe kò sì gùn lẹ́nu: ó ń bá ẹni tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbowó lọ́wọ́ oníbàárà.

Ẹ wá wò ó níwájú ìsọ̀ ìyá aládìrẹ tó wá láti Ìtòkú, Abẹ́òkúta.

"Mọ́mì, ẹ kú ọjà. Ṣé ẹ mọ̀ pé dátà yín níye lórí ju aṣọ yìí lọ?"

"Èyí tí mo rà láàárọ̀ ti tán, ọmọ mi. Bá mi tan hotspot rẹ."

"Rárá, Mà. Mo fẹ́ so yín pọ̀ mọ́ ọjà àgbáyé ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Yáàdì mélòó ni kí n gé?"

Fóònù Fáúndà tún ti ń dún.

Lẹ́yìn tí Fáúndà lọ, obìnrin kan ra aṣọ, ó ń wá báàgì tí yóò bá a lọ. Màmá nawọ́ sí ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́: "Sọ fún un pé èmi ni mo ní kó o wá." Kí ilẹ̀ tó ṣú, oníbáàgì ti darí oníbàárà wá fún Màmá náà. Nínú ìwé Màmá, nọ́ńbà ẹnì kan tó fẹ́ ra aṣọ ẹbí ti wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ ìnáwó, iye yáàdì àti owó àsansílẹ̀.

N kò ní dá Fáúndà lẹ́bi tán ṣá. Bí àwọn tó ń ṣètò ìpàtẹ bá ń ka èrò fún àwọn onígbọ̀wọ́, wọ́n ń ka òun náà mọ́ ọn, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń kà á lákọ̀tun.

Ẹ̀yin tí ẹ máa pàtẹ lóṣù kọkànlá, bó bá yà sọ́dọ̀ yín, ẹ má lé e. Ẹ kí i tọ̀yàyàtọ̀yàyà, kí ẹ sì sọ iye tí ẹ ń ta ọjà yín fún un. Kò ní pẹ́ lọ.