Ọ̀gá Ètò Ààbò

Ẹ má wulẹ̀ pa ẹ̀rín mọ́ra, mo mọ̀ pé ẹ máa rín in. Èmi ni ọ̀gá ètò ààbò ní ẹ̀ka wa ní yunifásítì. Mo ní ẹ̀wù pupa, mo ní fèrè, mo ní kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, èyí tí gbogbo èèyàn á gbà sá jáde bí iná bá sọ. Bí mo bá ń rìn lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kọ́kọ́rọ́ á máa dún wọnjanwọnjan, orí mi á sì máa wú.

Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní ní ìlò ẹ̀rọ ìpaná títí ó fi sú wọn. Ẹ fa òrùka yọ. Ẹ kọ ẹnu rẹ̀ sí ìdí iná. Ẹ tẹ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ gbá a sọ́tùn-ún, ẹ gbá a sósì. Mo tún kọ 112, nọ́ńbà pàjáwìrì Nàìjíríà, gàdàgbà sára ògiri.

Ni mo bá ní ká ṣe ìdánrawò. Mo lu agogo. Kò sẹ́ni tó mira. Ọmọ kan tiẹ̀ yọjú lójú fèrèsé: “Sà, ṣé wọ́n ti tún agogo yẹn ṣe ni?”

Inú bí mi. Ó dáa, wọ́n á rí èéfín! Mo kó ewé gbígbẹ sínú dírọ́ọ̀mù lẹ́yìn ilé, mo ṣáná sí i. Nínú ọyẹ́ o! Koríko ti gbẹ táútáú.

Atẹ́gùn fẹ́. Iná bọ́ sí koríko. Mo fun fèrè. “Iná o!” Àwọn tó yẹ kí wọ́n máa sá lọ ló ń sá bọ̀, fóònù lọ́wọ́, wọ́n ń ya fídíò mi. Àwọn tó kù nínú ilé ń gbá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn gbàgbàgbà. Kí ló dé tí wọn ò ṣí i? Kọ́kọ́rọ́ dún wọnjan ní ìbàdí mi. Ọmọkùnrin kan já a gbà, ó sáré lọ. Mo gbé ẹ̀rọ ìpaná. Mo tẹ̀ ẹ́. Kò dáhùn. Mo mì ín. Mo bú u.

“Sà, òrùka! Òrùka!”

Mo wo òrùka ìgbéyàwó mi.

Bí mo ṣe rántí ìyàwó mi nìyẹn. 112 wà lára ògiri gàdàgbà, ìyàwó mi ni mo pè. Kí n tó lanu, ó ní, “Dádì, ẹ bá mi ra búrẹ́dì bọ̀ o.”

Ìyá Ẹlẹ́wà tó ń tajà lábẹ́ igi kò pe ẹnì kankan. Ó da omi ìfọwo sí iná náà, ó bu iyẹ̀pẹ̀ lé e, ó já ẹ̀ka igi tútù, ó fi lu èyí tó kù pa. Ó wá yíjú sí mi. “Dọ́kítà, ẹ bọ́ ẹ̀wù pupa yẹn, ó ń jó.”

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù. Ta ló dá iná sílẹ̀? Mo kọ orúkọ mi. Ta ló kọ́kọ́ rí i? Mo tún un kọ. Kí ọ̀gá ètò ààbò buwọ́ lù ú. Mo buwọ́ lù ú. Ta ló pa á? Ìyá Ẹlẹ́wà.

Olórí ẹ̀ka wa kà á, ó ní kí n bi Ìyá Ẹlẹ́wà bóyá ó lè wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ìyá ní òun ráyè dáadáa, àmọ́ kí n kọ́kọ́ sanwó ẹ̀wà tí iyẹ̀pẹ̀ bọ́ sí.