Oríkì README Aláìsọ̀rọ̀

README, mo kí ọ o.
README, ọmọ ìlà kan péré,
ọmọ "àlàyé ń bọ̀" tí kò dé mọ́,
fáìlì àlàyé iṣẹ́ kóòdù tí gbogbo ayé kọ́kọ́ ń ṣí,
fáìlì tí gbogbo ayé kọ́kọ́ ń pa dé.
Láti Gadumo ni mo ti ń kí ọ, ní Lọ́kọ́jà, níbi tí Odò Ọya àti Benue ti pàdé,
níbi tí Nupe, Ìgalà, Ebira, Hausa, Ọ̀wọ́rọ̀ àti àwa ará Okun ti jọ ń gbé,
tí kálukú ní láti ṣàlàyé ara rẹ̀ fún aládùúgbò kí wọ́n tó lè jọ nájà.
Níbẹ̀ la ti ń wò ọ́ lójú fóònù.
A fà ọ́ sókè, a fà ọ́ wálẹ̀;
o ti tán kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ọmọ ọ̀gá tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ kóòdù,
tí kò rí ọ̀sán kan ṣoṣo fi kọ ọ́!
Ọ̀gá rẹ ní òun ti ṣí iṣẹ́ òun sílẹ̀ fún aráyé. Kò purọ́. Kóòdù wà níta gbangba. Ẹni tó bá wù lè kà á, lè tún un ṣe, lè pín in fún ẹlòmíràn, ìwé àṣẹ sì wà níbẹ̀ tó fọwọ́ sí i. Bí wọ́n ṣe ń lò ó nìkan ni kò sí níbẹ̀. Alágbo tó gbé ìgò lé aláìsàn lọ́wọ́, tí kò sọ bóyá ṣíbí ni tàbí ife, bóyá kí a tó jẹun ni tàbí lẹ́yìn oúnjẹ, òun ni ọ̀gá rẹ jọ. Aláìsàn ti gba oògùn lọ́fẹ̀ẹ́. Àìsàn ṣì wà lára rẹ̀.

"Ẹ gbé e wálẹ̀. Ẹ tò ó. Ẹ máa lò ó."
README, oníṣẹ́ tí í jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀, tí í jẹ́ òpin,
tí í gbé àárín iṣẹ́ mì!
Ibi "ẹ tò ó" yẹn ni ilẹ̀ ti ń ṣú mọ́ ọmọ ilé-ìwé.
Èdè kóòdù Python rẹ, ẹ̀yà wo ni? O ò sọ.
Àwọn ẹgbẹ́ rẹ tó tiẹ̀ sọ, Python 2 ni àwọn kan nínú wọn ṣì ń pàṣẹ, èyí tí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ti jáwọ́ nínú rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2020.
Database wo ló gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀? O ò sọ.
Páswọ́ọ̀dù inú fáìlì ètò ńkọ́, fáìlì ètò fúnra rẹ̀ dà? Inú orí ọ̀gá rẹ ló wà, orí ọ̀gá rẹ kò sì sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì.
Bí ìlà pupa bá tú jáde lójú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n gùn ju ìwọ fúnra rẹ lọ, èwo ni ká kà, èwo ni ká fi sílẹ̀?
README dákẹ́. README kò gbin.

Ìwọ tí o máa ń ní, "Ẹ lọ wo fídíò!"
Dátà ta ni? Ojú ìwé tí a fi ọ̀rọ̀ lásán kọ kì í ju kílóbáìtì díẹ̀ lọ. Fídíò wákàtí kan lè jẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún mẹ́gábáìtì, ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo tí a ń wá sì lè wà ní ìṣẹ́jú kọkànlélógójì. Ọ̀rọ̀ ni a lè fi pamọ́ sínú fóònù kí iná tó lọ. Ọ̀rọ̀ ni a lè wá inú rẹ̀, ni a lè ṣe ẹ̀dà àṣẹ rẹ̀ láìṣì í tẹ̀, ni ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran lè jẹ́ kí ẹ̀rọ kà sí òun létí. Ẹni tó kọ̀ láti kọ ọ́ sílẹ̀ ti dá owó lé ẹni tí kò lówó tó lórí, ó sì dùn mí pé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ló pè é.

Ìwọ tí o máa ń ní, "Ẹ bi wá níbi tí a ti ń tàkúrọ̀sọ!"
A bi yín lánàá, ẹnìkan dáhùn. Lónìí ìdáhùn náà ti rì sábẹ́ ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ mìíràn.
Ọ̀la, ẹlòmíràn á tún béèrè rẹ̀, ẹ ó sì bú u pé kò ka ìwé.
Ìwé wo?

Mo mọ̀ pé kì í ṣe Gadumo nìkan lo ti ń jọba. Ní 2017, GitHub, ibi tí ọ̀pọ̀ ń kó irú kóòdù bẹ́ẹ̀ sí, fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí àwọn tó ń lo sọ́fítíwià tí a ṣí sílẹ̀ fún aráyé àti àwọn tó ń kọ ọ́. Ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dáhùn ní àlàyé tí kò pé, tàbí tó ti gbó, jẹ́ ìṣòro tó gbilẹ̀. Ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń dá sí iṣẹ́ náà sì ní ó ṣọ̀wọ́n kí àwọn tó kọ àlàyé, tàbí pé àwọn kò kọ ọ́ rí.
README, ìwọ tí gbogbo ìlú ń ráhùn sí,
tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìlú kò ṣe tán láti tún ṣe!

Mo kí ìbátan rẹ pẹ̀lú, Ọmọ Fi-Ẹyọ-Ọ̀rọ̀-Gbẹ̀wù.
Ilé-iṣẹ́ DigitalOcean ló máa ń ṣe Hacktoberfest ní oṣù kẹwàá, láti 2014: ẹni tó bá dá sí iṣẹ́ kóòdù tó nígbà náà máa ń gba ẹ̀wù. Ní 2020, àgbájọ ènìyàn ya wọ inú àwọn README ayé. Wọ́n fi "iṣẹ́ àràmàǹdà" kún àkọlé, wọ́n ní àwọn ti tún àlàyé ṣe.
Ìwọ tó fi "àràmàǹdà" kún un tí o kò ka ìlà kejì,
ìwọ tó fẹ́ ẹ̀wù ju òye lọ,
àwọn tó ń tọ́jú iṣẹ́ náà láìgbowó ni wọ́n jókòó tì í, tí wọ́n ń pa ẹ̀bẹ̀ àtúnṣe rẹ dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ariwo wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn olùṣètò fi yí òfin padà nínú oṣù kan náà: iṣẹ́ tí ẹni tó ni ín bá fi ẹnu ara rẹ̀ gbà nìkan ni wọ́n ń kà. Àwọn tó fẹ́ kọ àlàyé gidi lo bà lórúkọ jẹ́. Mi ò gbàgbé rẹ.

README, wá wo àwọn ọmọlúwàbí.
Ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá ọdún 1971 ni ìwé ìtọ́sọ́nà àkọ́kọ́ fún sọ́fítíwià Unix jáde ní Bell Labs, láti ọwọ́ Ken Thompson àti Dennis Ritchie. Wọ́n ya àyè kan sọ́tọ̀ fún àléébù, BUGS ni wọ́n kọ sórí rẹ̀, wọ́n sì ń sọ níbẹ̀ ní gbangba pé iṣẹ́ àwọn kò lè ṣe èyí, ó ń ṣe tọ̀hún ní àṣìṣe. Ìwọ kò jẹ́wọ́ àléébù kan rí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ tìrẹ, kó fi òru ara rẹ̀ rà á.

Wo sọ́fítíwià DHIS2, tí Yunifásítì Oslo bẹ̀rẹ̀, tí ìjọba Nàìjíríà ń fi kó ìṣirò ilé ìwòsàn jọ. Ìwé tirẹ̀ wà fún ẹni tó ń tẹ iye aláìsàn sínú rẹ̀, òmíràn wà fún ẹni tó ń ṣètò rẹ̀, òmíràn wà fún ẹni tó ń kọ kóòdù lé e. Akọ̀wé ìlera kò ní láti mọ ọ̀gá kankan ní Norway kó tó lè ṣiṣẹ́ oṣù rẹ̀.

Wo etí omi tiwa yìí náà. Samuel Ajayi Crowther bá ọkọ̀ òyìnbó gba ibi tí odò méjèèjì ti pàdé kọjá ní 1841. Ní 1843 ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde. Ní 1864 ìwé gírámà àti ọ̀rọ̀ Nupe rẹ̀ náà jáde. Nupe kì í ṣe èdè ìyá rẹ̀, ẹnu ẹlòmíràn ló ti gbọ́ ọ. Nígbà tó gbọ́ ọ tán, kò sọ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn pé kó lọ máa bi àwọn ará odò. Ó kọ ọ́.

Àwọn kan ń tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ kíkọ àlàyé yìí, wọ́n ní iṣẹ́ ẹni tí kò mọ kóòdù ni. Irọ́ ni, ó sì ń bí mi nínú. Ẹni tó fẹ́ kọ bí a ṣe ń to sọ́fítíwià gbọ́dọ̀ tò ó fúnra rẹ̀ lórí ẹ̀rọ tó ṣófo, kó bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, kó mọ ohun tó bà á jẹ́, kó tún tò ó títí yóò fi dúró. Ọ̀gá tó ti mọ ọ̀nà kò rí òkúta ojú ọ̀nà mọ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń fò ó láìmọ̀. Àjòjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lánàá ló mọ ibi tí òun ti kọsẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n fún ọjọ́ díẹ̀ péré, kó tó di pé ó mọ́ òun náà lára. Ọjọ́ díẹ̀ yẹn ni ìwé rere ti ń jáde. Ẹgbẹ́ Open Source Community Africa, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, tó pe àpéjọ ńlá sí Èkó ní oṣù kejì 2020, ń pe irú àjòjì bẹ́ẹ̀ wọlé. Google náà bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún àwọn tó ń kọ àlàyé ní 2019. Àwọn ọmọ wa ní Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Lọ́kọ́jà ńbí lè ṣe é. Òkúta ojú ọ̀nà pọ̀ tí wọ́n ti kọ lù.

Nítorí náà, README, ọmọ ìlà kan,
sọ ohun tí o jẹ́, kí o sọ ẹni tí o wà fún.
Sọ ẹ̀yà tí o ń lò, kí o kọ ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ọ́ wò kẹ́yìn.
Sọ ìgbésẹ̀ àárín.
Sọ ibi tí o kò ti ṣiṣẹ́.
Bí ọmọ Gadumo kan bá sì fi ìlà mẹ́ta tí o gbé mì ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ lálẹ́ yìí, kí ọ̀gá rẹ dán an wò, kó gbà á wọlé, kó kọ orúkọ rẹ̀ sára àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà, ní ìlà kan náà pẹ̀lú àwọn tó kọ kóòdù.