Òkun Bọ́ sí Òkun

Àpótí irin kan tí ó ti la òkun já ni àbúrò mi rà, tí ó sì sọ di ilé ní Kàbà, ilẹ̀ àwa tí ń kí ara wa ní "Òkun o." Nígbà tí Malcom McLean, ará Amẹ́ríkà, fi ọkọ̀ ojú omi kó kọ̀nténà 58 kúrò ní Newark ní 1956, kò mọ̀ pé ọ̀kan nínú àbúrò wọn, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 20, tí ìbú rẹ̀ kò ju 8 lọ, yóò di ààfin lọ́dọ̀ wa. Lóòótọ́, yàrá kótópó gba ogún ọ̀rẹ́ tí ó fẹ́ràn ara wọn, ṣùgbọ́n ta ni ó ka odó iyán mọ́ ọ̀rẹ́? Orí ibùsùn ni a ti ń jẹun, abẹ́ rẹ̀ ni àká iṣu. Nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ wò, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ bí ọmọlúàbí, àyà rẹ̀ kò rí ilẹ̀ kàn, ni ó bá ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ jáde síta, kí n lè kí yín káàbọ̀ sínú ilé."