Ẹ̀yin Kakaǹfò Orí Káńtà

Yorùbá ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Irọ́ gbuu! Ká ní òótọ́ ni, àwọn tó ń gbẹ́ sàréè ì bá ti máa wọ bàlúù lọ síbi iṣẹ́, kò sì ní í ṣẹ́ ku ẹnì kan tí yóò ka ohun tí mò ń kọ yìí. Àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ wà láàyè, tẹ́ ẹ sanra, tẹ́ ẹ tún ń dá aṣọ ẹbí?

Àwọn tó gba òwe náà gbọ́ ti lọ tipẹ́. Àlùfáà Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1921 pé dandan ni kí Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò lọ sógun lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́ta. Bó bá ṣẹ́gun, ó dáa. Bí kò bá ṣẹ́gun, òkú rẹ̀ ni wọn yóò gbé wálé láàárín oṣù mẹ́ta. Gbẹ́rẹ́ 201 ni wọ́n máa ń sín sí ìpàkọ́ rẹ̀ kí ẹ̀rù má baà bà á. Wọ́n sín gbẹ́rẹ́ fún ẹ̀yin náà o, mi ò jiyàn. Ojú ni wọ́n sín tiyín sí, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tì yín.

Ẹ jẹ́ ká wo Kakaǹfò òde òní lójú ogun. Ojú ogun ọ̀hún ni káńtà ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Bódìjà, lọ́sàn-án Sátidé. Bọ̀ọ̀dá ti kó ẹrù kún agbọ̀n: mílíìkì, sàdíìnì, bọ́tà, àti wáìnì kan tí kò lè pe orúkọ rẹ̀. Ìka méjì ló fi na káàdì sí ọmọ tó ń gbowó. Nígbà tó fẹ́ tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀, ó ràdọ̀ bo ẹ̀rọ POS bí adìyẹ tó ń sàba, kí ẹnikẹ́ni má baà jí ₦1,350 tó wà ńbẹ̀. Ẹ̀rọ ké píì. Ọmọ yìí, tí ohùn rẹ̀ ò jáde nígbà tó ń kí i káàbọ̀, wá rí ohùn akéde: “Bọ̀ọ̀dá, wọ́n ní owó yín ò tó o!”

“Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni. Tún un fi sí i.”

Píì.

“Ṣó o rí i? Àwọn báńkì yìí!” Ó gbé fóònù sétí. “Mánéjà, kí lẹ fi owó mi ṣe?” Ibi tó ti ń bá mánéjà wí lọ́wọ́ ni fóònù ti dún létí rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló ń pè, ó ní kó bá òun ra gààrí bọ̀.

Ṣé ó kú? Kò kú o. Ó ní, “Ẹ bá mi tọ́jú ẹrù yìí, mò ń bọ̀.” Ẹrù náà ṣì wà ńbẹ̀.

Kakaǹfò àtijọ́ ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ san gbèsè ìtìjú, tòní ń dì í ru nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Bí kò bá sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, ìjọba wà. Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n gba ₦200, ₦500 àti ₦1,000 àtijọ́ lọ́wọ́ wa, tí tuntun ò sì tó. Àwọn alágbádá ń ti ara wọn lórí ìlà ATM kílẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀yin olówó jìyà, ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí àpò wọn ti gbẹ láti 2019, ìgbà yẹn gan-an lọlá dé. Àwọn ló pariwo jù: “Owó mi há sí báńkì!” Owó wo? Nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ wá sọ ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹta pé ká máa ná owó àtijọ́ lọ títí dìparí ọdún, gbogbo ìlú ń yọ̀, àwọn yìí fajú ro. Àwáwí tó bá wọn lára mu jù lọ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Wọn ò sunkún pẹ́. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 ti sọ pé ẹni tó bá ń ná náírà lóde ijó lè fẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà jura, tàbí kó san ₦50,000, ó kéré tán. Òfin náà sùn títí. Nígbà tí EFCC wá ń fi í mú èèyàn lọ́dún 2024, ahun rí alágbàwí. Ẹ mọ Àlàájì Kò-Sí-Ṣéńjì, tó máa ń sá sẹ́yìn òpó bí onílù bá ti ń bọ̀. Iwájú ló ń jó sí báyìí. Onílù kì í kì í, ó kì í dórí baba ńlá rẹ̀. Àlàájì na ọwọ́ méjèèjì sókè lófìfo, ó ní, “Èmi ò lè rú òfin ìjọba!” Lẹ́yìn náà ló jókòó, ó jẹ jọ́lọ́ọ̀fù abọ́ mẹ́ta. Òfin ò sọ nǹkan kan nípa ìyẹn.

Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín, tó o ní ẹnì kan ládùúgbò yín ni mò ń bá wí, ìwọ gan-an ni. Lọ san owó aṣọ ẹbí tó o jẹ. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti dé.