Mò Ń Lọ o, Kí Ẹnikẹ́ni Má Pè Mí

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ sún mọ́bí. Ṣé ẹ ti gbọ́ pé Bọ̀dá Télọ̀ bínú fi gúrúùpù WhatsApp ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀? Bọ̀dá wa yìí náà ni o, tí téèpù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, kódà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èyí tó ní kí n wá gba bùbá mi ní Ọjọ́bọ̀, tí kò sọ Ọjọ́bọ̀ wo. Ẹ jẹ́ ká fi ti bùbá sílẹ̀ ná.

Wọ́n ní kí kálukú sọ iye tó ń gbà rán agbádá. Bọ̀dá sọ tiẹ̀, ni ọmọkùnrin kan tí kò tíì pẹ́ tó gba fúrídọ́ọ̀mù bá fi ojú tó ń rẹ́rìn-ín tomijé-tomijé sí i lábẹ́. Ojú kan ṣoṣo péré! Bọ̀dá ò fèsì. Lẹ́tà ló jókòó kọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó kí alága, ó kí ìyá ẹgbẹ́, ó ki oríkì ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, kó tó wá kan ibi tó ti ní kí wọ́n gbàgbé òun pátápátá. Ó jáde, ó sì pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ lórí fóònù.

Ṣé ẹ rántí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀? Ẹni bá jáde, WhatsApp fúnra rẹ̀ ló ń kéde rẹ̀ fún gbogbo ilé. Oṣù Kẹjọ ọdún 2022 ni Mark Zuckerberg sọ pé àwọn ádímìn nìkan ni yóò máa mọ̀. Wọ́n fẹ́ bo àṣírí èèyàn. Kí lẹni tó ń bínú fẹ́ fi àṣírí ṣe? Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà fi ń gùn báyìí. Orúkọ ẹni tó jáde ṣì ń wà níbi tí èèyàn ti lè wò ó fún 60 ọjọ́ o. Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀.

Ti Bọ̀dá tiẹ̀ sàn ju ti Àǹtí Tíṣà lọ, tó dágbére fáwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ láàárọ̀, tí kò jáde, torí ó fẹ́ ka ohun tí wọ́n máa sọ. Nígbà tó dọ̀sán, ẹnì kan ṣi ọ̀rọ̀ kan kọ, Àǹtí náà ló tún un ṣe.

Lọ́jọ́ Ajé, maṣíìnì tí Bọ̀dá fi ń ṣe iṣẹ́ ọrùn agbádá takú. Inú gúrúùpù ni nọ́ńbà ẹni tó ń tún un ṣe wà. Ojú mi yìí ni Bọ̀dá ṣe gbé búrẹ́dì àti Milo lọ sí ṣọ́ọ̀bù ádímìn. Ádímìn rẹ́rìn-ín, ó dá a padà. Ẹ wá wò ó: jíjáde ni WhatsApp ń bò mọ́lẹ̀, kì í bo wíwọlé! Gbogbo wọn ló rí i pé ádímìn ti fi Bọ̀dá kún un. Ọmọkùnrin ọjọ́sí ló kọ́kọ́ kí i: "Ẹ káàbọ̀, sà." Kò fi ojú kankan sí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbèrò àtibínú jáde, ẹ dákun, ẹ kọ́kọ́ da nọ́ńbà alátùn-ún-ṣe maṣíìnì kọ.