Ará Lọ́ńdọ̀n Tó Wá Fi Ilé Han Ọmọ

Ọmọ Yorùbá tó ń gbé Lọ́ńdọ̀n, tó máa ń kó ìyàwó àti ọmọ wá sílé lo ìsinmi, ń dé láàárín ìparí Oṣù Keje sí ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹsàn-án, lákòókò tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sinmi. Kò yẹ kí a pa á pọ̀ mọ́ ti Oṣù Kejìlá. Ti Oṣù Kejìlá, àpọ́n ló pọ̀ nínú wọn. Fàájì ni wọ́n bá wá, wọn kì í sì í sábà kọjá Lẹ́kì. Ti Oṣù Kẹjọ rán ara rẹ̀ níṣẹ́ ńlá: ó fẹ́ kí àwọn ọmọ òun mọ orísun wọn. Ìdí nìyẹn tó fi ń háyà Sienna pẹ̀lú dẹ́rẹ́bà, tó sì ń to orúkọ ìlú sínú fóònù láti Èkó títí dé Èkìtì. Ohun tí kì í sọ fún àwọn ọmọ ni pé òun pàápàá kò dé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìlú náà rí.

Kò yani lẹ́nu. Fún ẹni tó dàgbà ní Múṣín tàbí Sùúrùlérè, oríṣi ìrìn-àjò méjì ló wà: ti ọdún àti ti òkú. Bàbá ẹnikẹ́ni kì í kó ọmọ sínú ọkọ̀ torí kí wọ́n lè lọ wo àpáta. Inú ìwé kíkà ni òun àti Òkè Olúmọ ti pàdé. Ìlú Ọba ló ti kọ́kọ́ rí i pé àgbàlagbà lè wakọ̀ láti àárọ̀ lọ wo òkúta Stonehenge nínú pápá, kó jẹ búrẹ́dì tútù níbẹ̀, kó sì padà sílé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kú. Ọgbọ́n yẹn ló gbé wálé.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú tó ń ná Lọ́ńdọ̀n sí Èkó ń gba báàgì méjì oníkílò 23 lọ́wọ́ èrò kọ̀ọ̀kan. Ti ẹbí ló pọ̀ jù nínú kílò wọ̀nyí: ìpara, lọ́fíńdà, bàtà tí kò ní bá ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni mu, ṣokoléètì tí yóò ti yọ́ kó tó kúrò ní Ìkẹjà. Èyí tó kù, oògùn ni: ti ibà, ti inú rírun, ti ẹ̀fọn. Ẹnu tó fi omi inú ọ̀rá dàgbà náà ló fi ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé omi ìgò tí wọn kò bá ṣí lójú wọn, wọn kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò.

Owó ló ń gbé ìrìn-àjò náà ró. Látìgbà tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ fún ọjà ní Oṣù Kẹfà ọdún 2023, pọ́ùn kan ti gòkè kọjá 1,500 náírà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Pẹ́kàmù, tó ń dúró de bọ́ọ̀sì nínú òtútù, a wá di ọ̀gá tí wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún. Kò sẹ́ni tó yẹ kó bá a wíjọ́ bó bá gbádùn rẹ̀. Ó ti wẹ arúgbó tó.

Ohùn rẹ̀ la fi ń mọ ibi tí ọkọ̀ dé. Ní pápákọ̀ òfurufú, Gẹ̀ẹ́sì imú ni. Ní Kárà, níbi tí màlúù àti tírélà ti ń du ọ̀nà, Yorùbá a bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Nígbà tí wọ́n bá fi dé Ògèrè, tí dánfó kan sì já wọ iwájú wọn láìwẹ̀yìn, èpè Múṣín pọ́ńbélé ló kù, àwọn ọmọ a sì máa béèrè ìtumọ̀. Márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978, kò ju nǹkan bí 127 kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n ó gùn tó láti gba gbogbo àlàyé rẹ̀ lórí bí ọ̀nà M1 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe dán.

Àwọn olópàá kì í fi àkókò ṣòfò kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. “Ẹ kú ìrìn o, Ọ̀gá. Àwa ọmọ yín la wà níbí o.” Ọ̀gá á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè abala òfin tí wọ́n fi dá òun dúró, á sì na fóònù síta láti ya fídíò. Dẹ́rẹ́bà ló máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ yanjú rẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, òkè òkun ni wọ́n ti dé.” Á bọ ọ̀kan nínú wọn lọ́wọ́, á padà wọlé, ọkọ̀ á gbéra. Ohun tó wà nínú ìbọwọ́ yẹn á wọ ìwé ìṣirò gẹ́gẹ́ bí owó epo.

Ní Ìbàdàn, á dá ọkọ̀ dúró ní Dùgbẹ̀ láti fi Ilé Kòkó han àwọn ọmọ. Á ní kò sí ilé tó ga tó o ní gbogbo Áfíríkà. Ọmọ àgbà á tẹ fóònù, á ní, “Dádì, irọ́ ni.” Dẹ́rẹ́bà, tí ẹnikẹ́ni kò bi, ló máa ń sọ pé owó kòkó àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ni wọ́n fi kọ́ ọ, pé ọdún 1965 ló parí, pé àjà 26 ni, iná sì jó o ní 1985. Láti ibẹ̀ lọ, àwọn ọmọ á máa bi “Àǹkù” ní ìbéèrè wọn. Dẹ́rẹ́bà kan náà ló ń ra dòdò Ìkirè fún wọn lójú ọ̀nà, tó ń ṣàlàyé pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n àpọ́njù ni wọ́n fi ń ṣe é, nígbà tí Dádì ń wá bébà ìnuwọ́ tó ń pa kòkòrò.

Ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń gba owó ìwọlé ni ìwà rẹ̀ ti ń hàn jù. Àwọn ibì kan wà tí owó àlejò ju ti ọmọ ìlú lọ. Láti àárọ̀ ló ti ń jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé Lọ́ńdọ̀n lòun ti ń bọ̀. Bí wọ́n bá ti pe iye tí àlejò ń san, kíá, orúkọ bàbá rẹ̀, oríkì ìlú rẹ̀ àti orúkọ agboolé á tú jáde. Bí wọ́n bá gbà fún un, tí wọ́n wá ní kí òun náà tò sẹ́yìn bíi ti ọmọ ìlú, á tún rántí pé àlejò ni òun.

Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kọ mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005, ń fún un ní wàhálà mìíràn, torí pé díákónì ni. Nínú ọkọ̀, òrìṣà ni ohun tí wọ́n fẹ́ lọ wò. Bí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀, á di àṣà. Ó ti pinnu pé kí èèyàn ya ère ní fọ́tò kì í ṣe ìbọ̀rìṣà, ó sì ń yà á gan-an. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, ló bá àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú náà ṣe ọ̀pọ̀ nínú ère wọ̀nyí, Òṣogbo ló sì gbé títí ó fi kú ní 2009. Ọmọ kan kì í ṣàì béèrè bí òyìnbó ṣe wá mọ gbogbo wọn tí Dádì kò mọ ìkankan. Dádì á ní kí wọ́n máa lọ, òjò ń bọ̀. Òjò kì í sì í sábà bọ̀: Oṣù Kẹjọ ni òjò ilẹ̀ Yorùbá ń dáwọ́ dúró díẹ̀.

Ìpele méje ni wọ́n ka ìṣàn omi Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà sí. Ní ìpele àkọ́kọ́, á jókòó sórí òkúta, á ní omi kan náà ló wà lókè. Dẹ́rẹ́bà àti àwọn ọmọ á gòkè lọ. Ìkògòsì nìkan ló ń pa á lẹ́nu mọ́. Omi gbígbóná ń ṣàn bọ̀ lápá kan, omi tútù lápá kejì, wọ́n pàdé lójú ẹni, èèyàn sì lè ki ẹsẹ̀ kan bọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí àlàyé M1 tó lè dúró níwájú ìyẹn.

Ìlú bàbá rẹ̀ ni wọ́n ti ń lo àkókò tó kéré jù, nítorí pé ibẹ̀ ni owó ti ń tán. Ìyá àgbà á kì í ní oríkì, àwọn ọmọ á juwọ́ sí i dípò kí wọ́n kúnlẹ̀, ẹbí á tò láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kànga.

Ìpadàbọ̀ kò ní ìtàn púpọ̀. Èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí ló ń gba ipò ṣokoléètì nínú báàgì. Bó bá kó ẹran ìgbẹ́ gbígbẹ mọ́ ọn, àwọn aṣọ́bodè Lọ́ńdọ̀n á gbà á, torí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gba kí arìnrìn-àjò kó ẹran wọlé láti Nàìjíríà. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́, á máa ṣàpèjúwe ìpele keje Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà fún àwọn tí kò lè wálé lọ́dún yẹn: bó ṣe ga, bí omi ibẹ̀ ṣe tutù, irú ẹsẹ̀ tí èèyàn gbọ́dọ̀ ní. Gbèsè káàdì tó fi ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó di nǹkan bí Oṣù Kejì kó tó san án tán, ìyẹn àsìkò tí àwọn tó gbọ́n nínú irú rẹ̀ ti ń wá tíkẹ́ẹ̀tì Oṣù Kẹjọ mìíràn kó tó wọ́n.